Ta Ló Gbé Ọlọ Wan Jah?

“Wọ́n ti gbé ọlọ! Ẹ gbà mí o, wọ́n ti jí ọlọ Mak gbé!”

Inú ilé ìdáná ni igbe náà ti wá. Ó bá Ìnsípẹ́kítọ̀ Letchumi níbi tó ti bu òkèlè ìrẹsì àkọ́kọ́, tó ku díẹ̀ kó kan ẹnu. Ọkọ rẹ̀, Ganesan, tíṣà ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ń fi igi táyín ní tirẹ̀, ó sì rọra fa àwo ìyàwó rẹ̀ sún mọ́ ara rẹ̀.

“Sátidé lòní o,” ó ní. “O ò sí lẹ́nu iṣẹ́.”

“Mo mọ̀.”

“Ìwọ lo sọ pé bí wọ́n bá pa èèyàn sábẹ́ tábìlì wa pàápàá, wàá jẹun tán kó o tó bẹ̀rẹ̀ wò ó.”

“Mo mọ̀, Ganesan.” Letchumi ti dìde. “Má jẹ ẹyin mi.”

Kò sí ará Taiping tí kò mọ ilé oúnjẹ Wan Jah. Tábìlì mẹ́sàn-án péré ni, àga oníke, páànù lókè, òjò lórí páànù. Ìrẹsì tí wọ́n fi omi àgbọn sè ni wọ́n ń tà níbẹ̀, wọ́n á wé e sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á wá bu sambal lé e, ata dídín pupa tó máa ń mú kí àgbà ọkùnrin sunkún, kó sì tún ní kí wọ́n bu òmíràn sí i. Ata yìí ló gbé ilé náà dé ibi tó dé. Wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó iwájú ìta: ATA ỌLỌ NI TIWA, KÌ Í ṢE ATA Ẹ̀RỌ. Àádọ́ta ọdún ni Wan Jah ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ lọ ata náà lórí ọlọ kan ṣoṣo, òkúta dúdú tó jogún lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Agogo méjì ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an sì ni àwọn oníkámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n ń bọ̀ láti Kuala Lumpur, wọ́n fẹ́ wá ya ìyá àgbà náà níbi tó ti ń lọ ata.

Letchumi bá èèyàn mẹ́ta nílé ìdáná. Wan Jah fúnra rẹ̀, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, jókòó sórí àga, ó ń bó àlùbọ́sà wẹ́wẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Zabedah, ọmọ rẹ̀ tó ń pè é ní Mak, ìyẹn ìyá, tó sì ń darí ilé oúnjẹ náà, dúró láàárín ilé, ó ń ju ọwọ́ sókè sódò. Suparmi, obìnrin kúkúrú ará Java tó ti ń bá wọn fọ abọ́ láti ọdún mẹ́fà, dúró nídìí ọpọ́n rẹ̀, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú omi ọṣẹ, omijé sì ń kán sínú omi náà tó, tó, tó.

“Mo ṣí aṣọ tí a fi ń bò ó pé kí n nù ún fún àwọn oníkámẹ́rà,” ni Zabedah wí. “Kí ni mo bá lábẹ́ aṣọ? Ìkòkò kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, àti ọmọ ọlọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọlọ ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ!”

“Báwo ló ṣe wúwo tó?”

“Ọkùnrin méjì ló máa ń gbé e bí a bá fẹ́ gbá abẹ́ rẹ̀.”

“Ẹni mélòó ló ní kọ́kọ́rọ́ ibí?”

“Ẹni mẹ́ta. Èmi, Mak, àti òun yìí.” Zabedah fi ẹnu júwe Suparmi. “Òun ló ti ilẹ̀kùn lánàá. Òun ló kọ́kọ́ dé láàárọ̀ yìí. Kak Letchumi, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọlọ́pàá, ṣé ó tún yẹ kí n máa wá ẹlòmíràn kiri?”

“Fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀,” Wan Jah sọ láti orí àga rẹ̀. “Òun kọ́.”

“Mak, báwo lẹ ṣe mọ̀?”

“Mo mọ̀. Ṣé àgbà kì í mọ nǹkan ni?”

“Mak, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bó àlùbọ́sà yín.”

Letchumi fa Zabedah sí kọ̀rọ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Gbọ́ mi dáadáa. Bí mo bá kọ orúkọ obìnrin yìí sínú ìwé ní àgọ́ wa, ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà. Kí oṣù tó parí, ó ti wà lórí omi, ó ń padà sí Java. Ọmọ mẹ́ta ló ń fi iṣẹ́ yìí rán ní ilé ìwé. Ṣé ó dá ọ lójú tó bẹ́ẹ̀?”

Zabedah yíjú wo Suparmi nídìí ọpọ́n.

“Agogo mẹ́wàá kù díẹ̀ báyìí,” Letchumi ní. “Fún mi di agogo méjì.”

Ó mú Suparmi jókòó sí tábìlì ẹ̀yìn, ó bu omi fún un.

“Sọ fún mi. Àná ńkọ́?”

“Mo ti ilẹ̀kùn lágogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, mà. Ọlọ wà níbẹ̀, mo fọwọ́ ara mi tẹ́ aṣọ bò ó. Mo sì nu ilẹ̀, ó gbẹ fúrúfúrú.”

“Àárọ̀ yìí ńkọ́?”

“Ilẹ̀ ń yọ̀ bí ilá! Díẹ̀ ló kù kí n fi ìdí jókòó. Mo ní, ta ló tún da ọṣẹ sílẹ̀? Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti ya jálajàla wà lábẹ́ tábìlì, mo gbá a dànù.”

“Ta lo bá nínú ilé?”

“Wan nìkan. Òkè ibí náà ni wọ́n ń sùn, ẹ mọ̀. Wọ́n máa ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn àdúrà àfẹ̀mọ́júmọ́ wá lọ ata. Láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, wọn kì í jẹ́ kí ẹnì kankan bá wọn wọlé títí wọ́n á fi parí. Ṣùgbọ́n inúure wọn pọ̀, mà. Àárọ̀ yìí pàápàá, wọ́n ti tẹ́ àpò tuntun síbi tí mo máa ń dúró, wọ́n ní kí òtútù má baà mú ẹsẹ̀ mi. Ṣé irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni mo máa jí ọlọ rẹ̀?” Ó nu imú. “Ẹnì kan tún wà o. Anneh Kader ń ti ọmọlanke rẹ̀ jáde lẹ́yìnkùlé nígbà tí mò ń bọ̀.”

Zabedah ti ń yọjú lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ orúkọ yẹn, ó fò sókè. “Kader! Mo mọ̀ ọ́n! Ọ̀tá ilé wa!”

Òdìkejì títì ni Kader, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Anneh, ìyẹn ẹ̀gbọ́n, ti ń dín búrẹ́dì pẹlẹbẹ. Ọgbọ̀n ọdún ni òun àti Wan Jah ti ń bú ara wọn láti ìta sí ìta, tí àwọn oníbàárà àwọn méjèèjì á máa jẹun, tí wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Òun á ní ata Wan Jah kò lè ta eṣinṣin. Ìyá àgbà á ní búrẹ́dì Kader ni wọ́n fi ń ṣe sálúbàtà.

Kí Letchumi tó sọdá, ó kọ́kọ́ yí lọ sẹ́yìnkùlé. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ nítorí òjò. Ipa táyà ọmọlanke hàn kedere, ọ̀kan tó wọlé, ọ̀kan tó jáde. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka wọn jíjìn àkọ́kọ́, ó fi wọn èkejì. Ó ṣe “hùn-ún.” Lábẹ́ páànù tó yọ síta, ológbò kan sùn fọnfọn lórí àpótí onígi tí ìfófòó ọṣẹ ti gbẹ sí lára. Letchumi wo ológbò náà títí. Lẹ́yìn náà ló sọdá títì.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Kader, Ganesan ti jókòó síbẹ̀ ṣíwájú rẹ̀. Ó gbé àwo oúnjẹ tirẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ sọdá.

“Ẹyin mi dà?” Letchumi bi í.

“Olè ti pọ̀ ládùúgbò yìí,” Ganesan dáhùn.

Kader gbé tíì wá, ìfófòó funfun lórí rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.

“Anneh, kí ló ṣe yín lójú?”

“Eruku.”

“Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni òjò ti ń rọ̀ ní Taiping. Eruku níbo?”

“Eruku ìyẹ̀fun.” Kader nu ojú, ó sì tún fi bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀ sí i, omi ń dà. “Mo ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń pariwo. Kí ni mo fẹ́ fi ọlọ ṣe? Ṣé mo fẹ́ dín òkúta fún àwọn èèyàn ni? Ìyá yẹn gan-an ni kí ẹ bi bóyá ó ti lọ ọlọ náà mọ́ ata, gbogbo ìlú sì ti jẹ ẹ́ tán!”

“Kí lẹ lọ ṣe lẹ́yìnkùlé wọn láàárọ̀?”

“Èèrí àgbọn. Bí wọ́n bá ti fún omi ara rẹ̀ tán, èmi ni mo máa ń kó èyí tó kù fún adìẹ mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ. Ẹ bi àwọn adìẹ.”

Letchumi mu tíì lẹ́ẹ̀kan. Ó sín. Ó tún mu, ó sín lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn, omi bọ́ lójú tirẹ̀ náà.

“Anneh, ogún ọdún ni mo ti ń mu tíì níbí. Tíì yín kò ta mí rí.”

Ó dìde, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada búrẹ́dì, ó wọ inú yàrá ẹ̀yìn. Kader sáré tẹ̀ lé e, ó ń wí pé ibẹ̀ dọ̀tí, pé eku wà níbẹ̀, pé òun fẹ́ kun ibẹ̀ lọ́dà. Ọlọ kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìlọta tuntun kan wà lórí tábìlì, wọ́n fi aṣọ ìnura wé e bí ọmọ ọwọ́. Letchumi ṣí ideri rẹ̀. Òórùn ata, àlùbọ́sà àti edé gbígbẹ gbá a lójú.

“Ẹ̀yin tí ẹ kì í ta ata,” ó ní.

Kader gbé ọwọ́ lé orí. “Mo ti búra. Ẹ mú mi lọ sí àgọ́ bó bá wù yín. Mi ò ní sọ̀rọ̀.”

“Ta ló ní kí ẹ sọ̀rọ̀? Imú mi ti gbọ́.”

Ó padà sídìí tábìlì. Ó fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ́ ata inú àwo rẹ̀ sílẹ̀ pẹlẹbẹ, ó tẹjú mọ́ ọn. Ó wo ọkọ rẹ̀, tó tún ti ki igi bọ ẹnu.

“Ganesan, láti ìgbà wo ni o ti ń táyín báyìí?”

“Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kóró ata ló ń há mi. Mo sọ fún ọ, o ní kí n lọ rí oníṣègùn eyín.”

“Má lọ mọ́,” Letchumi wí, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. “Eyín rẹ ló yanjú ẹjọ́ yìí.”

Agogo kan ti kọjá díẹ̀ nígbà tó kó gbogbo wọn jọ sí ilé ìdáná Wan Jah. Kader dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò fẹ́ wọlé. Zabedah ń wò ó bíi pé kó fi ojú dín in. Suparmi ti padà sídìí ọpọ́n, nítorí abọ́ kì í dúró de ẹjọ́.

“Ẹ jẹ́ kí n bi yín,” Letchumi bẹ̀rẹ̀. “Olè wo ni yóò gbé ọlọ tí yóò fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀? Ẹni tó fẹ́ lò ó á mú ọmọ ọlọ mọ́ ọn. Ẹni tó fẹ́ tà á á mú un. Ẹni tó bá kàn fẹ́ kí ọlọ má sí nílé fún ọjọ́ kan péré ni yóò gbàgbé ọmọ rẹ̀.”

“Ó ṣáà gbé e lọ!” Zabedah na ìka sí Kader. “Ọmọlanke yẹn ńkọ́?”

“Mo wọn ipa rẹ̀. Bó ṣe jìn ní wíwọlé náà ló ṣe jìn ní jíjáde, kò ju ìka kan lọ. Òkúta tó tó ẹrù ọkùnrin méjì? Táyà ì bá ti rì sínú ẹrẹ̀ dé ìdajì. Ọlọ kò jáde nínú ilé yìí rárá.”

“A ti tú gbogbo ilé!”

“Ẹ tú ibi tí èèyàn máa ń fi nǹkan pamọ́ sí. Ẹ ò tú ibi tí èèyàn máa ń dúró sí.” Letchumi yíjú. “Suparmi, kí ni o máa ń dúró lé lórí fọ abọ́?”

“Àpótí mi, mà. Mo kúrú, ọwọ́ mi kì í tó inú ọpọ́n.”

“Ológbò ń sùn lórí àpótí rẹ lẹ́yìnkùlé. Kí lo wá dúró lé lórí báyìí?”

Suparmi wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó fò bọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó tẹ ejò. Letchumi fa àpò náà kúrò. Òkúta dúdú ló wà nísàlẹ̀, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣì fún mọ́ ọn lábẹ́.

Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń pe obìnrin náà lólè, láti àárọ̀ ló sì ti ń dúró lórí ohun tí wọ́n ní ó jí.

“Ọgbọ́n ọwọ́ Wan lẹ ń wò yìí,” Letchumi wí jẹ́ẹ́jẹ́. “Ọṣẹ lórí ilẹ̀, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí ọṣẹ, ọlọ lórí ewé. Ó kàn ń yọ̀ lọ ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, Wan?”

Wan Jah gbé ọ̀bẹ àlùbọ́sà sílẹ̀. “Kader bá mi tì í ní apá ibi tó ti wúwo,” ó ní. “Ṣùgbọ́n èmi ni mo ronú rẹ̀.”

“Mak!” Zabedah jókòó sórí àpò ìrẹsì. “Ẹ̀yin? Nítorí kí ni?”

“Nítorí èjìká mi.” Ìyá àgbà gbìyànjú láti gbé apá ọ̀tún sókè. Ó dé ibi ọmú, ó dúró níbẹ̀. “Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti kú. Mi ò lè lọ ata mọ́, ni mo bá ń gbé e fún Kader gba ẹ̀yìnkùlé, ó ń lọ̀ ọ́ wá fún mi nínú garawa lábẹ́ èèrí àgbọn. Ẹ̀rọ tuntun ni, ata wa nìkan ló ń lọ̀. Ìwọ yìí náà jẹ ẹ́, o ní ọlọ dára ju ẹ̀rọ lọ.”

Ganesan wúkọ́.

“Kóró ata tí ọlọ bá tẹ̀ á fọ́ yángá,” Letchumi sọ fún wọn. “Èyí tí ẹ̀rọ bá lọ̀, apá kan á gé, apá kan á wà lódindi, á wá há sí eyín àwọn àgbà.”

“Ṣùgbọ́n kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi, Mak?”

“Kí o lè tilẹ̀kùn ibí? Mo gbọ́ ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ lórí fóònù. Ó ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Kuala Lumpur, ní àjà kẹrìnlá. Kí ni mo fẹ́ máa ṣe lójú ọ̀run bẹ́ẹ̀? Kí n máa kí àwọn ẹyẹ? Ni ẹ bá tún lọ pe àwọn oníkámẹ́rà. Wọ́n á ní, Wan, ẹ lọ ata ká rí i. Gbogbo ayé á wá mọ̀ pé mo ti tán.”

Ojú Zabedah ti kún fún omi, ẹ̀rín sì tún ń já lu ú. “Ẹ ò gbọ́ èsì tí mo fún un? Mo ní ta ló ń gbé ẹja lọ máa gbé orí igi! Mo ní ọjọ́ tí Mak bá kúrò nílé yìí, èmi náà á bá wọn lọ, kó lọ wá yàrá méjì.”

“Apá yẹn kò dún dé òkè,” Wan Jah ní. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Suparmi, ohùn rẹ̀ sì yí padà. “Ọmọ mi, mi ò rò ó pé ìwọ ni wọ́n máa na ìka sí. Mo rò pé wọ́n á kàn ní olè. Ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ojú ló ń tì mí. Dárí jì mí.”

“Àti ìwọ, Kader!” Zabedah kígbe, nítorí ó ní láti kígbe mọ́ ẹnì kan. “Ọ̀tá wa! Kí ló kàn ọ́ nínú rẹ̀?”

Kader ń wo ilẹ̀. “Nígbà tí ìyàwó mi kú, ogójì ọjọ́ ni ìyá yìí fi ń gbé oúnjẹ wá fún mi láti ẹ̀yìnkùlé. Bílẹ̀ bá sì ti mọ́, á bọ́ síta, á bú mi kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀. Kí ni ata lílọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn?”

“Ta ló ní kó o sọ ọ́?” Wan Jah bú u. “Ẹlẹ́nu bí agbada búrẹ́dì!”

Agogo méjì ku ogún ìṣẹ́jú. Zabedah dìde, ó lọ dúró níwájú Suparmi. Kò mọ ibi tí yóò kó ọwọ́ sí.

“Mo ṣẹ̀ ọ́,” ó ní. “Mo pè ọ́ lólè níṣojú àwọn èèyàn. Sọ ohun tí màá ṣe, màá ṣe é.”

Suparmi nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ iwájú. Ó wo òkìtì abọ́ tó wà nínú ọpọ́n, gbogbo ti oníbàárà àárọ̀ pátá. Ó wá wo Wan Jah.

“Wan, ọlọ ni ìyá mi fi tọ́ mi ní abúlé wa,” ó ní. “Bí ẹ bá jókòó tì mí, tí ẹ ń sọ bó ṣe yẹ kó rí, mo lè lọ ata náà níwájú kámẹ́rà.”

“Wàá lọ̀ ọ́ jù, àwọn ará Java fẹ́ràn kí ata kúnná,” Wan Jah wí. Ṣùgbọ́n ó ti ń wọ́ àga rẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àyè ọlọ.

Kader àti Ganesan gbé òkúta náà padà sí àyè rẹ̀. Ganesan ní òun ò gbé nǹkan tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí òun ti gbéyàwó, Letchumi sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Àwọn oníkámẹ́rà dé lásìkò. Obìnrin oníròyìn náà wọ bàtà gogoro, ó ń wo ibi tí yóò gbẹ́sẹ̀ lé. Ó bá Suparmi nídìí ọlọ, apá rẹ̀ ń lọ, ń bọ̀, ata ń pọ́n, ó bá Wan Jah lórí àga, ó ń na ọ̀pá sí i, ó ń kígbe pé, “Tẹ̀ ẹ́! Tẹ̀ ẹ́, má ṣe máa fọwọ́ pa á lára!”, ó bá Kader lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wí pé ata náà kò lè ta eṣinṣin. Obìnrin náà ní kí wọ́n má dá ohunkóhun dúró, kí wọ́n máa yà á lọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, ó wo yíká.

“Ẹ jọ̀ọ́, a tún fẹ́ bá ẹni tó ń darí ilé oúnjẹ yìí sọ̀rọ̀. Níbo la ti lè rí wọn?”

Suparmi kò dá ọmọ ọlọ dúró. Ó fi àgbọ̀n rẹ̀ júwe ẹ̀yìn, níbi tí obìnrin kan ti ká apá aṣọ sókè, tí ìfófòó ọṣẹ dé ìgúnpá rẹ̀.

“Ẹ dúró dè wọ́n díẹ̀,” ó ní. “Wọ́n ń fọ abọ́.”